Láàárín Àná àti Ọ̀la: Bí Mo Ṣe Ṣe Tápítà ní Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó yàn, bí ẹ bá fẹ́ràn oorun, ẹ má yan tèmi. Iṣẹ́ tápítà ni mo ṣe. Bí ẹnì kan bá sọ Ègùn tàbí Yorùbá níwájú Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ní kóòtù, èmi ni mo ń sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Bí òyìnbó bá fèsì, èmi náà ni mo ń dá a padà. Kí ogun Hítílà tó dé ni mo ti bẹ̀rẹ̀, n kò sì fi í sílẹ̀ títí àsíá òyìnbó fi ń múra àtisọ̀kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹlòmíràn ni mo fi jẹun. Iṣẹ́ náà fi mí mọ ènìyàn, ó sì kọ́lé fún mi. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló gba ọ̀gá mi lọ́wọ́ mi, ọkùnrin tó fi Gẹ̀ẹ́sì sí mi lẹ́nu bí ìyá ṣe ń fi oúnjẹ sí ọmọ lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń wá bí yóò ṣe tún bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín gan-an nìyẹn, ẹ bá mi fara balẹ̀, torí èmi fúnra mi kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gba ẹjọ́. Àwórì ni bàbá mi, láti ẹ̀bá Òjó. Ègùn ni ìyá mi, ọmọ Àgbádárìgì pọ́ńbélé. Èdè méjèèjì ni mo fi sunkún ní kékeré. Mo ka ìwé díẹ̀, mo sì mọ ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí ènìyàn fi ń kí tíṣà. Nígbà tí kóòtù ń wá ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ tápítà àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan sọ̀rọ̀ síbi tó yẹ, wọ́n sì gbà mí. Owó oṣù ńkọ́? Kò pa mí lébi, kò sì sọ mí di olówó. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Tápítà àgbà náà ni Ọ̀gá Dosu. Ègùn ni, ọmọ ìlú Apá nítòsí wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń dúró gbọnrangandan. Ẹ̀wù dúdú kan ló ń wọ̀ lọ sí kóòtù, yálà oòrùn ń mú tàbí òjò ń rọ̀, agboòrùn rẹ̀ kì í sì í kúrò lábẹ́ abíyá. Kì í pariwo. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń sùn lọ, ṣùgbọ́n bó bá ti fi ohùn yẹn bi mí pé "Ṣé o rí i?", àyà mi á já. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ mí lórúkọ. Ó wò mí bí mo ṣe ń ti orí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì, ó ní, "Lawani ni ìyá rẹ ń pè ọ́. Kòjókòó ni èmi ó máa pè ọ́." Kò parọ́ mọ́ mi. Títí di òní tí mo ń kọ èyí, mo ti dìde lọ wo ojú ọ̀sà kí ojú ewé yìí tó kún.

Báyìí ló ṣe ń kọ́ni. Láàárọ̀, á fún mi ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Kí oòrùn tó wọ̀, mo gbọ́dọ̀ mú un padà wá fún un nínú gbólóhùn. Ó dà bí ohun tó rọrùn, àbí? Ẹ dúró ná. Gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ohun tí mo fojú ara mi rí tàbí tí mo fọwọ́ ara mi ṣe lọ́jọ́ yẹn ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Kò gba ti inú ìwé, kò sì gba "ká ní".

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó fún mi ni "borrow". Ojú ẹsẹ̀ ni mo dá a lóhùn, mo ti fẹ́ kúrò níbẹ̀ kí n lọ wo àwọn tó ń fa àwọ̀n. Mo ní, "I borrow a knife from my friend."

Ọ̀gá Dosu na ọwọ́. "Ọ̀bẹ náà dà?"

"Ọ̀gá, kò sí ọ̀bẹ kankan. Àpẹẹrẹ lásán ni."

"Àpẹẹrẹ lásán! Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ti ènìyàn mọ́lé, ṣé àpẹẹrẹ lásán ni wàá fi gbà á sílẹ̀? Lọ yá ọ̀bẹ wá."

Mo sáré lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń yan ẹja létí omi. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ fi kọ́. Obìnrin náà wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ wá gbọ́ o, wọ́n ti ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́." Ó ṣáà yá mi. Mo gbé e dé iwájú Ọ̀gá, mo ní, "I have borrowed a knife." Ó mi orí. Ó ní kí n dá a padà, kí n wá fi "return" hàn án. Nígbà tí mo dá a padà, obìnrin náà dúpẹ́ pé n kò fi gún ẹnikẹ́ni, mo bá mú "thank" padà wá kún un. Ọ̀gá Dosu ní, "Ṣé o rí i? Ọ̀rọ̀ kì í dá rìn. Pe ọ̀kan, kí o rí iye tí yóò tẹ̀ lé e."

Kò jẹ́ kí n kọ ọ̀kankan sílẹ̀. Ó ní omi lè mu ìwé, iná lè jó ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá rí, yóò bá a dé ibi gbogbo. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí gbogbo ìlú ń rí tó ń sáré kiri. Bó bá fún mi ní "leak", mo ń wá ọkọ̀ tí omi ń wọ̀. Bó bá fún mi ní "quarrel", ẹ mọ̀ pé ìyẹn kò le ní ìlú wa. Mo kọ́ "peel" nídìí ẹ̀gẹ́, mo kọ́ "scrape" nídìí àgbọn, mo kọ́ "sneeze" lọ́wọ́ ìyá mi tó ń lọ ata.

Lọ́jọ́ tó fún mi ní "carry", mo rò pé mo ti bọ́. Ta ni kì í ru nǹkan ní etí ọ̀sà? Mo mú gbólóhùn mẹ́ta wá: obìnrin kan tó ru igbá, obìnrin kan tó pọn ọmọ, ọkùnrin kan tó gbé àjẹ̀ sí èjìká. "Carry" ni mo lò fún gbogbo wọn. Ọ̀gá Dosu wá bi mí pé, "Bí Ajẹ́lẹ̀ bá gbọ́ pé obìnrin yẹn 'carried the child', ṣé orí ni yóò rò pé ó gbé e lé ni, tàbí ẹ̀yìn, tàbí ó gbé e sá lọ?" Ó ṣàlàyé fún mi pé Gẹ̀ẹ́sì lówó níbì kan, ó sì tòṣì níbòmíràn. Níbi tó bá ti tòṣì, tápítà ló gbọ́dọ̀ fi kún un. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá sọ "carried", mo máa ń fi "on her back" sí i, kódà bí mo bá ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ nínú ilé, ó sì máa ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ni "wait". Ó ní kí n lọ jókòó sábẹ́ igi àgbọn tó wà lẹ́yìn kóòtù, kí n má sì dìde títí òun yóò fi dé. Ó lọ. Oòrùn yí, èèrà gun mí lẹ́sẹ̀, àwọn apẹja fa àwọ̀n wálẹ̀ níwájú mi, wọ́n ń kọrin, ara mi sì ń jó bí ẹni tí wọ́n da yèrèpè sí lára. Inú bí mi. Mo bú u nínú ikùn mi ní Ègùn, mo bú u ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni n kò tíì mọ tó láti fi bú u. Nígbà tó dé níkẹyìn, mo fò dìde: "I have waited for you!" Ó ní, "Bí o ṣe sọ ọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé òótọ́ ni." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na agboòrùn rẹ̀ sí mi kí n bá a gbé e délé. Mo gbàgbé ìbínú mi lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn ju bí mo ṣe mọ̀ lọ nígbà náà.

Nígbà tó jẹ́ kí n máa dúró lẹ́yìn òun ní kóòtù, ẹ̀kọ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbà kan wọlé, ó kí Ajẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ kú ìjókòó o." Ọ̀gá Dosu ní, "Good morning, sir." Nígbà tí a jáde, mo ní ohun tí bàbá sọ kọ́ nìyẹn. Ó ní, "Bí mo bá sọ pé ó ń kí i fún jíjókòó, òyìnbó á rò pé ó ń pè é ní ọ̀lẹ. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí bàbá rán mi ni pé kí n bá òun kí i." Ṣùgbọ́n bó bá kan ẹjọ́ gan-an, kò gbà kí n fi orí ara mi kún un rárá. Ohun tí ẹlẹ́rìí bá fi "èmi" sọ, "I" ni tápítà gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ní kí n gbìyànjú rẹ̀, olè ewúrẹ́ kan jẹ́wọ́, mo sì fi ohùn rara kéde pé, "I stole the goat, sir." Aládùúgbò wa kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ wà lẹ́nu fèrèsé. Kò dúró gbọ́ èkejì. Ó sáré lọ bá ìyá mi pé Lawani ti jẹ́wọ́ olè fún òyìnbó. Ìyá mi dé kóòtù láìwé gèlè, ó ń pariwo pé òun á san ewúrẹ́. Ọ̀gá Dosu ló bẹ̀ ẹ́ títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Mo ti pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ẹlẹ́rìí jà pé wọn kò la ẹnu dáadáa. Ó máa ń sún mọ́ wọn, á dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan, á ní, "Tún un sọ." Kò yà wá lẹ́nu. Ọkùnrin tó kórìíra ọ̀rọ̀ kíkùn sínú ni láti ilẹ̀ wá.

Ọdún tí àrùn ilẹ̀ gbígbóná bẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Faransé ni ọ̀ràn dé. Ìjọba fi òfin de ọ̀sà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ti ibẹ̀ wá. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọn á jó ọkọ̀ rẹ̀, wọn á sì tì í mọ́lé. Kò pẹ́ tí wọ́n kéde òfin náà ni ọlọ́pàá mú apẹja kan tó ń jẹ́ Mautin wá. Wọ́n bá a létí omi pẹ̀lú ọkọ̀ tó kún fún ẹja gbígbẹ, ọlọ́pàá sì ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àjàṣẹ́ dé ni. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, ó pọn ọmọ, ó káwọ́ lérí. Ọkọ̀ yẹn ni gbogbo ilé wọn fi ń jẹun.

Kí ẹ tó lóye ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ nǹkan kan nípa Ègùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ègùn ń lò fún àná àti ọ̀la: osọ. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọ̀rọ̀ kékeré kan, "na", tó ń ṣiṣẹ́ bíi "yóò" tiwa. Bí Ègùn bá ní "N yi Hogbonu osọ", ó lọ sí Àjàṣẹ́ lánàá. Bó bá ní "N na yi Hogbonu osọ", ọ̀la ló ń bọ̀ wá lọ. Hogbonu ni wọ́n ń pe Àjàṣẹ́, Porto-Novo sì ni ti òyìnbó. "Na" yẹn kò ju èémí lọ. Bí ẹ̀rù bá ń ba ènìyàn, tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

Ajẹ́lẹ̀ bèèrè ohun tí Mautin ní láti sọ. Mautin kúnlẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sínú àyà ara rẹ̀. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí: ó ní òun yóò lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́la, ẹrù tí òun ń kó sọ́kọ̀ nìyẹn, òun kò sì tíì gbọ́ òfin.

Ọ̀gá Dosu gbójú sókè. Ó ní, "I went to Porto-Novo yesterday, sir. I did not hear of the law."

Ajẹ́lẹ̀ ti kalámù bọ inú ìńkì.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, èyí sì ti ń lọ sílẹ̀ lójú mi. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ ní kóòtù. Mo wo obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò mọ̀ pé wọ́n ti fẹ́ dáná sun ọkọ̀ ọkọ òun. Mo tẹ̀ sí Ọ̀gá mi létí, mo fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ọ̀gá, ó ní òun yóò lọ ni." Kò yíjú. Mo tún un sọ, mo gbóhùn sókè díẹ̀. Kò yíjú. Mo wá sọ ọ́ tí akọ́dà tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́, tí akọ̀wé gbọ́, tí àwọn tó wà níta lójú fèrèsé gbọ́. Gbogbo wọn wò mí, wọ́n sì wo Ọ̀gá Dosu. Òun nìkan ni kò mọ̀ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ojú àwọn ènìyàn ló tẹ̀ lé títí tó fi rí mi lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu mi ṣì là sílẹ̀.

"Kí ló dé?" ló bi mí.

Ajẹ́lẹ̀ ní kí n wí ohun tí mo ní. Mo ní, "He said he will go, sir. Tomorrow." Wọ́n ní kí Mautin tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Báyìí ó ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀, ó pariwo "na" yẹn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ àjà. Ajẹ́lẹ̀ ní kí ó lọ já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí òun rí i lórí omi. Lẹ́yìn náà, láìgbójú kúrò lórí ìwé rẹ̀, ó rọra bi Ọ̀gá mi pé, "How long has your hearing been like this?"

Ọ̀gá Dosu tẹrí ba díẹ̀. Ó ní, "Yes, sir."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lóye. Ó mú agboòrùn rẹ̀, ó tẹrí ba fún Ajẹ́lẹ̀, ó sì rìn jáde gbọnrangandan bó ṣe wọlé. Ìyàwó Mautin wólẹ̀ níwájú mi, ó ń dúpẹ́ pẹ̀lú omijé, mo sì ń wo ẹ̀yìn ẹ̀wù dúdú yẹn títí tó fi yà ní ìkóríta. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí n máa dúró sí ààyè rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè sọ pé mo ṣe ohun tó yẹ. Mo mọ̀. Bí wọ́n bá tún gbé Mautin wá lónìí, n ó tún la ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé ohun tó yẹ kì í dunni, kò tíì ṣe é rí. Ìyàwó Mautin gbé ẹja wá fún mi, n kò lè jẹ ẹ́. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Àwọn kan ní Apá ní ṣe ni mo ti ń ṣọ́ àga ọ̀gá mi láti ọjọ́ pípẹ́. Mo lọ sílé rẹ̀ láti lọ dọ̀bálẹ̀. Sènámì, ọmọbìnrin rẹ̀, ló jáde sí mi, kò lè wò mí lójú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Bàbá ní kí n sọ pé àwọn ò sí nílé." Mo sì ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ ní yàrá. Mo padà lọ, mo tún lọ, mo tún lọ. Bí a bá pàdé lójú ọ̀nà, á yí agboòrùn rẹ̀ sí ìhà ọ̀dọ̀ mi títí a ó fi kọjá ara wa, kódà bí oòrùn bá wà lódìkejì. N kò mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí ìtìjú. Ìbá ṣe pé ó bú mi, ìbá sàn.

Mo ní kí wọ́n gbé mi kúrò ní Àgbádárìgì, wọ́n gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ara mi kò gba ibẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí Ìkẹjà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú ọ̀sà láàárín igbó. Gbogbo ibi tí mo dé ni mo ti ń sáré wá ọ̀rọ̀ lójú pópó bí ìgbà tí mo wà ní ọmọdé, mo kàn ń bá ara mi sọ ọ́ ni. Nígbà tí mo padà sílé níkẹyìn, iṣẹ́ ti yí padà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún pákápáká lórí tábìlì akọ̀wé. Asọ̀rọ̀mágbèsì wà lára ògiri, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti àárọ̀ láìdúró gbọ́ èsì ẹnikẹ́ni. Àwọn tápítà tuntun ń gbé díkíṣọ́nárì sábẹ́ abíyá níbi tí Ọ̀gá Dosu ń gbé agboòrùn sí. N kò kórìíra díkíṣọ́nárì, mo rà tèmi náà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn gbọ́ tí obìnrin kan ní ìyàwó kékeré fojú di òun, ó yẹ ìwé wò, ó sì sọ fún Ajẹ́lẹ̀ pé, "She tied my eyes." Ajẹ́lẹ̀ ní kí wọ́n mú aṣọ tó fi dì í wá kí òun wò ó. Wọ́n wá aṣọ náà káàkiri ọgbà kóòtù kí n tó dé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ra ìwé, ṣùgbọ́n ẹ máa jáde síta pẹ̀lú.

Ajẹ́lẹ̀ kan wá dé, ọ̀dọ́, tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Lọ́jọ́ kan, akọ́dà ké orúkọ àwọn tó ní ẹjọ́ ààlà oko àgbọn kan ní Apá, mo sì rí Ọ̀gá Dosu tó wọlé. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Ẹ̀wù dúdú yẹn kọ́, aṣọ ìbora ló wọ̀ bí àwọn àgbà Ègùn yòókù. Aládùúgbò rẹ̀ ló pè é lẹ́jọ́. Akọ̀wé wò mí. Akọ́dà wò mí. Gbogbo wọn mọ̀ pé kò sí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó o nínú ilé yẹn, Ajẹ́lẹ̀ pàápàá kò gbọ́ ọ tó o. Mo rò pé yóò fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kò ní nílò mi, yóò sì jáde bí ó ti ń kọjá lára mi lójú ọ̀nà.

Ajẹ́lẹ̀ ní, "Ask him whether he knows English."

Mo sún mọ́ ọn, kí ó lè rí ẹnu mi. Láti gbogbo ọdún yẹn, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí n ó bá a sọ lójúkorojú nìyí, tèmi kọ́ sì ni. Mo là á fún un ní Ègùn: "Bàbá, wọ́n ní ṣé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?"

Ó tẹjú mọ́ ètè mi títí mo fi pa á dé. Lẹ́yìn náà ó gbójú wo ojú mi, kò gbé e kúrò. Ègùn ló fi dáhùn, ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ti àtijọ́. Ó ní, "N kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ló dúró níwájú mi yìí. Ohun tó bá ní mo wí, òun náà ni mo wí."

Omi lé ròrò sí mi lójú, n kò sì lè nù ún, nítorí kóòtù ń dúró. Mo yíjú sí Ajẹ́lẹ̀. Mo ní, "I do not hear English any more, sir. The one who hears it is standing in front of me. Whatever he says I said, that is what I said."

Ajẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ṣé "understand" ni mo fẹ́ pè.

Lẹ́nu Ègùn àti lẹ́nu wa, ọ̀rọ̀ kan ló wà fún "hear" àti "understand". Mo wo Ọ̀gá mi. Ó ṣì ń wo ètè mi.

Mo ní, "No, sir. Hear."

Ọ̀gá Dosu mi orí. Ajẹ́lẹ̀ kọ "hear" sílẹ̀, ó sì ní kí bàbá máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.